Ìwé Ìròyìn Tí Wọ́n Tì Jáde Látinú Ilé

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú ìwé ìròyìn dé ilé yẹn ni ara mi ò ti gbà á. Kì í ṣe pé mo rí ohun kan. Ilé káńsù tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ bíi tàwọn yòókù ni, ilé bíríkì pupa tó so mọ́ ilé lọ́tùn-ún lósì, ní Becontree nílùú òyìnbó níbí, òpópónà méjì péré sí ibi tí èmi náà ń gbé ní Alibon. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ káńsù tipẹ́tipẹ́ ti fi háyà, bí wọ́n ṣe fi ìdajì àdúgbò wa háyà. Kọ́tìnì wà ní títì ní ọ̀sán gangan. Ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé irin ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn sókè, ooru kan tú sí mi lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò lórí iná, òórùn dídùn kan sì bá a jáde. Mo mọ òórùn náà dáadáa. Mi ò kàn lè rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ni. Mo ti ìwé wọlé, mo sì yára padà sínú ọkọ̀ mi bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí obìnrin Ẹ̀gbá ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ṣe di ẹni tó ń há ìwé ìròyìn èdè Ṣáínà kiri Barking àti Dagenham, ṣọ́ọ̀ṣì ló fà á. Ìjọ aláṣọ funfun tí mo ń lọ háyà òkè ilé ìkẹ́rù kan ní Barking, láàárín àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń kan àga. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà wà. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń jó, pákó sì ni ilẹ̀ òkè. Ní Ọjọ́rú kan, a ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí bàbá ará Ṣáínà kan gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ó rí i pé kò sẹ́ni tó wọ bàtà, ó bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "àdúrà yín dára o. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú là ń kó ìwé wa lọ tẹ̀, mo sì ti ka ìlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹfà."

Ẹ̀rín pa mí. Mo bá a bẹ olórí ìjọ, a sì sún ìsìn náà sí ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó tún gun òkè wá, ó béèrè bóyá a mọ ẹnì kan tó ní ọkọ̀, nítorí ẹni tó ń bá a há ìwé ti padà sílùú rẹ̀. Ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé ni. Bí mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ náà nìyẹn. Mo ń pè é ní Ọ́ńkù, mo sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Àǹtí. Àwọn ń pè mí ní Sístà, bí wọ́n ṣe gbọ́ tí àwọn ará ìjọ ń pè mí.

Àwọn méjèèjì náà ni gbogbo ọ́fíìsì. Ọ́ńkù ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó ti ṣe tíṣà rí nílé. Òun ló ń kọ ìròyìn, òun ló ń tún ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ṣe. Àǹtí ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tó ń to ojú ewé, tó sì ń gba ìkéde. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ń jáde. Ohun tí wọ́n sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀ ni ìròyìn ilé, ọ̀rọ̀ òfin ìgbélùú, orúkọ àwọn tó kú, ẹni tó fẹ́ ta ilé oúnjẹ rẹ̀, yàrá tó ṣófo, àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ìyá arúgbó kan ní Longbridge máa ń dúró dè mí lójú fèrèsé. Ojú ewé àwọn òkú ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á kà á tán lórí ìdúró, á mí kanlẹ̀, á wá fọwọ́ ṣe é pé kí n máa lọ. Ọmọ rẹ̀ ní ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti dé ìlú yìí, kò sì gbọ́ Òyìnbó, pé ìwé yẹn nìkan ni nǹkan tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìta.

Èmi ò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Ọ́ńkù kọ́ mi ní méjì péré. Ọ̀kan dà bí ẹni tó yasẹ̀ rìn, ó ní èèyàn nìyẹn. Èkejì dà bí òpó tó dúró láàárín pákó méjì, ó ní iṣẹ́ nìyẹn. Mo yí ìwé padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí òpó náà káàkiri.

"Iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó gbé gbogbo wa dé ibí náà ni, Sístà."

Ẹnikẹ́ni tó bá kéde nínú ìwé wọn, wọ́n máa ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i kó lè rí i pé ìkéde rẹ̀ jáde. Ohun tó gbé mi dé ilé tí mo ń sọ yẹn nìyẹn. Ìkéde ẹni yẹn ti ń jáde kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Àǹtí ló sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí pélébé bébà kan fún mi. Ó ní ẹni tó ni ìkéde sọ pé kí n má kan ilẹ̀kùn, kí n kàn ti ìwé wọlé kí n máa lọ. Mi ò rí àṣìṣe kankan nínú ìyẹn. Bí mo ti ń ká tàwọn yòókù náà ni mo ká tiẹ̀, sí méjì, mo tì í wọlé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mi ò tíì ti ìwé dé ìdajì tí nǹkan kan fi fà á gbà lọ́wọ́ mi. Kò fà á bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ó fà á bí ìgbà tí ẹja bá gbé ìwọ̀. Irin ihò lẹ́tà já pàá sí mi ní ìka. Mo ní, "Ẹ káàsán o." Kò sẹ́ni tó dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan dúró síbẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọkọ̀ dúdú kan wà ní òdìkejì títì, òyìnbó kan sì jókòó sínú rẹ̀. Bí mo ti ń padà bọ̀, ó yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo fi síbẹ̀?"

"Ìwé ìròyìn ni."

"Ojoojúmọ́?"

"Rárá, Ọjọ́bọ̀ nìkan."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wo ọkọ̀ mi. "Ṣé o lè ka èdè wọn?"

Mo ní mi ò lè kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì ti gíláàsì rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ń rìn lára mi títí mo fi délé. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ yéé bá àwọn ará ọkọ̀ sọ̀rọ̀." Mo ní ó dáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ọwọ́ inú ilé fa ìwé náà gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo ti yíjú padà báyìí, mo gbọ́ nǹkan tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ti ìwé kan jáde. Ìwé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni, wọ́n ti kà á, ó ti rún. Mo rò pé wọ́n ní kí n bá wọn dà á nù ni. Ọkọ̀ dúdú wà níbẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń tẹ fóònù, kò gbójú sókè. Mo mú ìwé náà, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ìkórè ìjọ wa ti sún mọ́lé, mo ra iṣu àti ẹja gbígbẹ lọ́nà, mo sì tẹ́ ìwé náà sábẹ́ wọn kí erùpẹ̀ má bàa ba ọkọ̀ jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, kò sí ọkọ̀ dúdú mọ́, kò sì sí ọwọ́ tó fa ìwé. Mo tì í, ó há sí ẹnu ihò, ìdajì nínú ilé, ìdajì níta. Mo fi ìka gún un títí ó fi já sílẹ̀. Òórùn dídùn ọjọ́sí ti di ohun tó ń ta èèyàn lójú. Mo gbọ́ nǹkan tó wó lókè, mo gbọ́ ohùn obìnrin, mo gbọ́ tí wọ́n ní kó dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Mo wá rántí pé wọ́n ní kí n má kàn án. Mo dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà mo lọ. Ẹsẹ̀ mi ló lọ o, ọkàn mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi ń bá mi kó iṣu kúrò nínú ọkọ̀. Ó gbé ìwé tó wà nísàlẹ̀ sókè kó lè gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì dúró.

"Mọ́mì, wọ́n kọ nǹkan sára eléyìí."

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó tín-ín-rín, ó yí etí ìwé ká ní gbogbo ibi funfun tí wọn ò tẹ̀ nǹkan sí, bí èèrà tó ń tò lọ. Òróró ẹja ti rin igun kan. Mo ní bóyá ẹni tó ń kà á ló ń ṣe ìṣirò nǹkan kan síbẹ̀.

Ọmọ mi mi orí. "Èèyàn kì í kọ̀wé sí etí bébà báyìí tó bá ní bébà mìíràn."

Mo pe Ọ́ńkù lórí fóònù, kò gbé e. Mo ní tó bá dọ̀la n óò rí i ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. N kì bá ti sọ bẹ́ẹ̀. N bá ti wa ọkọ̀ lọ bá a nílé. Mo mọ ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, n kò jẹ́ kí ìsìn parí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun mi, láìwọ bàtà. Ọ́ńkù àti Àǹtí wà nínú ọ́fíìsì, wọ́n ń mu tíì. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú Ọ́ńkù. Ó wọ awò rẹ̀, ó ń yí ìwé náà ká bó ti ń kà á, bí ẹni tó ń yí ọkọ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ dúró. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n jókòó, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyí:

"Ẹni tó ń mú ìwé wá ní Ọjọ́bọ̀. A kì í rí ojú yín, ọwọ́ yín là ń rí. A jẹ́ mẹ́rin nínú ilé yìí. Ìkéde tó wà lẹ́yìn ìwé yìí ló gbé wa wá. Wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà wa, wọ́n gba fóònù wa. Ìpara là ń pò. Ọwọ́ ẹni tó kéré jù nínú wa ti bó. Ẹ má kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò yín. Bí ẹ bá ka èyí, ẹ ká ìwé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí mẹ́rin dípò méjì, ká lè mọ̀ pé ẹnì kan ti gbọ́."

Ọ́ńkù bọ́ awò rẹ̀. "Sístà, báwo lo ṣe ká ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá?"

"Sí méjì," ni mo wí.

Lókè orí wa, àwọn ará ìjọ ń jó ìjó ìdúpẹ́, pákó ń dún gbì-gbì-gbì. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ibi tí mo ti mọ òórùn náà. Ó ń bẹ lókè lọ́hùn-ún, lọ́rùn àwọn arábìnrin wa. Ìpara tó ń bóra ni, èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ káńtà ní àwọn ilé ìtajà wa, tí wọn kì í to sórí pẹpẹ. Èmi náà ti pa á rí, ọdún méjì gbáko, kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bátabàta tí mo fi jáwọ́.

Àǹtí ti dìde. Ó ń wá fáìlì àwọn tó kéde. Nígbà tó rí ti ilé Becontree, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láyà.

"Ẹni tó ni ìkéde náà wá fúnra rẹ̀," ó ní. "Ó gbọ́ èdè abúlé wa. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá mi pàdé rí. Ó mú ọsàn wá. Ó ní òun ń wá obìnrin tó lè ṣiṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ wà, ibùsùn wà, pé tí wọn ò bá níwèé ìgbélùú, kò léwu. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Mo tilẹ̀ fi sí ibi tó dára jù lójú ewé."

"Ká pe ọlọ́pàá," ni Ọ́ńkù wí.

"Wọ́n á kó àwọn obìnrin náà lọ sí àtìmọ́lé àwọn tí kò níwèé!" Àǹtí fi Òyìnbó sọ ọ́ kí n lè gbọ́. "Àwọn tó ń ka ìwé wa á ní a fi àwọn aláìníwèé lé ìjọba lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbà wá gbọ́ mọ́."

Wọ́n jọ wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo máa dá ẹjọ́ náà.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ìlú yìí láìníwèé," mo ní. "Títí dòní, bí mo bá rí ọlọ́pàá, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n tì mọ́nú ilé yẹn, ọlọ́pàá ni mo fẹ́ kó wá."

Ọ́ńkù gbé fóònù.

Kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá ti dé Becontree. Mo dúró sí òdìkejì títì nínú aṣọ funfun mi, ẹ̀wù òtútù lórí rẹ̀. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ ariwo kankan lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀. Ilé ti ṣófo. Wọ́n pe Ọ́ńkù wọlé kó wá ka ohun tí wọ́n rí. Nígbà tó jáde, ó wá bá mi ní òdìkejì títì. Ó ní wọ́n fi ìṣó kan kọ́tìnì mọ́ férémù fèrèsé. Ó ní tìmùtìmù mẹ́rin ló wà nílẹ̀, àti garawa ńláńlá tí ìpara ṣì wà nínú wọn, àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ike òfìfo. Ìwé ìròyìn mẹ́ta wà lábẹ́ tìmùtìmù kan. Wọ́n ti kọ orúkọ abúlé wọn sí etí wọn, àti nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá wọn. Èyí tí mo mú wá ní Ọjọ́bọ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní kíká méjì. Àwọn obìnrin náà rí i bẹ́ẹ̀, wọn ò sì tú u.

Ọ́ńkù ò sùn mọ́ títí ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn fi jáde. Ó gbé ìkéde náà gan-an sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà sábẹ́ rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan. Ohun tó fi parí rẹ̀ ni pé, "Àwa la tẹ ìkéde yìí. Àwa la pè wọ́n wá." Àǹtí bínú sí i, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Síbẹ̀ òun náà ló tẹ̀ ẹ́. Mo há a kiri. Ní ilé ìtajà méjì tí mo dé, wọ́n ní kí n kó o padà. Ní òmíràn, mo bá gbogbo ìwé tí mo fi síbẹ̀ láàárọ̀ nínú garawa ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé wọn, wọ́n ti da omi lé e lórí.

Èmi náà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, mo sọ ohun tí ìpara yẹn ń ṣe fún ọwọ́ àwọn tó ń pò ó. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Arábìnrin kan tí mo fẹ́ràn dáadáa wá ní, "Sístà, èmi kọ́ ni mo tì wọ́n mọ́lé." Mo ní òótọ́ ni. Mo sì jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ́ńkù dé ọ́fíìsì láàárọ̀, ó bá ike ìpara mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ṣí ìdérí wọn, kò sí nǹkan nínú wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti iṣẹ́ dé, mo bá ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà tèmi ní Alibon.

Ọmọ mi ló dúró tì mí. Ó wo ike náà, kò fọwọ́ kàn án. "Mọ́mì, wọ́n mọ ilé wa."

"Mo rí i."

"Ẹ máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àbí?"

Ìyá ìjọ wa náà ní kí n má rin ọ̀nà tí mo ń gbà há ìwé fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n wá gbé ike náà lọ nínú ọ̀rá. Mo yí aago tí mo fi ń jáde padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn, mo sì ń wo ojú díńgí ọkọ̀ ju bí mo ti ń wo iwájú lọ. Gbogbo ọkọ̀ dúdú ló di ọkọ̀ náà lójú mi. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà ní Longbridge ń dúró lójú fèrèsé, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo ń há ìwé lọ.

Ìwé náà ló wá àwọn obìnrin yẹn rí nígbẹ̀yìn. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan pe Àǹtí láti ìlú kan létí òkun, tó jìnnà sí wa. Alásè ni ní ilé oúnjẹ kan. Ẹnì kan ló fi ìwé wa di ẹrù ránṣẹ́ sí i, ó tú ẹrù, ó sì rí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní wọ́n kó obìnrin mẹ́ta wá sí yàrá òkè ilé tó wà lẹ́yìn tàwọn, wọn kì í jáde, ọ̀kan sì ń fi aṣọ di ọwọ́ méjèèjì. Ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n sì mú òyìnbó inú ọkọ̀ dúdú. Ó ní awakọ̀ lásán lòun. Ẹni tó mú ọsàn wá fún Àǹtí ò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí di àkókò tí mo ń kọ èyí.

Mẹ́ta ni wọ́n rí. Mẹ́rin ló wà nínú ilé.

Ẹni tó kéré jù wá kí wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwòsàn. Obìnrin kan tó ń tọ́jú irú wọn ló mú un wá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Awọ ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ọ̀rá, kò sì lè ká ìka rẹ̀ tán. Àǹtí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́ kó tó wo ojú mi.

"Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ yẹn," ó ní.

"Èmi ni."

"A rò pé ẹ kà á, ẹ sì sọ ọ́ nù."

Mo ti ronú ohun tí mo máa sọ fún un, mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Mi ò lè kà á," mo ní. "Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ iṣu. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wà lọ́wọ́ mi."

Ó wá sọ ọ́ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́, ẹni tó dàgbà jù nínú wa. Mo sọ fún un pé mo ti rí ọwọ́ náà, pé èèyàn dúdú ni, kò lè gbọ́ èdè wa. Ó ní kò burú. Ó ní ẹni tó ń gbé ìwé kiri á mọ ẹni tó lè kà á."

Mo bi í ìgbà tí wọ́n kó wọn kúrò. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n rí pẹ́ńsù lábẹ́ tìmùtìmù Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kó àwọn mẹ́ta tó kù sínú ọkọ̀ ẹrù. Wọ́n fi Ẹ̀gbọ́n nìkan sínú ọkọ̀ dúdú, àwọn ò sì tún rí i mọ́.

Ọjọ́ Sátidé náà ni mo pe Ọ́ńkù tí kò gbé fóònù, tí mo ní kó dọ̀la. Mi ò sọ ìyẹn fún ọmọbìnrin yẹn. Mo sọ ọ́ fún Ọ́ńkù lẹ́yìn tó lọ. Ó ní, "Sístà, oorun ni mò ń sùn nígbà tí fóònù ń dún. Tèmi náà nìyẹn." Àǹtí ò sọ tiẹ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síbi ògiri, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àǹtí ò gba ìkéde iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi tó bá lọ fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti bá ìbínú lọ. Ilé Becontree ti ní ayálégbé tuntun, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mi ò lè kọjá níwájú rẹ̀ láìwo fèrèsé òkè.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n, láti abúlé rẹ̀, máa ń pe ọ́fíìsì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kì í ké, kì í bínú. Ó máa ń béèrè bóyá ìròyìn wà, Àǹtí á ní kò tíì sí. Ó máa ń béèrè bóyá òtútù ti dé, bóyá aṣọ tí wọ́n ń tà níbí nípọn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń há ìwé. Àǹtí na fóònù sí mi. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tiẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "ẹ kú ojú lọ́nà o."

Ó sọ ohun kan tó gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rán èèyàn níṣẹ́. Àǹtí ń gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ó gba fóònù padà lọ́wọ́ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi, n kò sì bi í.